Ẹran Inú Igbó Bàbá Wa, Ta Ló Ni Ín?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní agbègbè Yewa wa yìí nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí koríko sì gbẹ: "Igbó bàbá mi ni. Ẹran tí mo bá pa níbẹ̀, ta ni yóò bi mí?" Láti Ìlaró dé Ayétòrò, títí lọ dé Ìmẹ̀kọ, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ilẹ̀ oko tí ẹtu tàbí àgbọ̀nrín ń gbà kọjá. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó yóò wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò gbé ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ̀ wọ igbó, tàbí kí ó dẹ okùn sílẹ̀ kí ó tó padà. A fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò, nítorí pé ó jọ òtítọ́ lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́.

Ilẹ̀ kò sọ ẹran ìgbẹ́ di ti onílẹ̀. Nínú òfin Maliki tí a ń kọ́ ní ilé kéú wa, Mukhtasar ti Khalil sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ẹran ìgbẹ́ ni ó ni ín. Khalil tilẹ̀ mẹ́nu ba ẹran tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ènìyàn láìsí ẹni tó lé e wọ ibẹ̀, ó ní ti onílé ni. Ṣùgbọ́n ilé ni ó wí. Oko ẹ̀gẹ́ tí kò ní ọgbà, tí ẹran ń gbà wọlé lóru tó sì ń gbà jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, lójú tiwa, kò jọ ilé. Àgbọ̀nrín kò mọ ààlà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ yìí láàárín ara wọn ní 1889, tí Kétu bọ́ sí ọ̀hún, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ìhín, àwọn ènìyàn ni ó dùn. Ẹran kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ fún wa ni ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí ẹlòmíràn má wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Ìyẹn náà, bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń pè ní "tèmi" jẹ́ ti ẹbí, àwọn arábìnrin wa sì ní ìpín nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Suuratun-Nisaa ṣe pín ogún, bí a kò tilẹ̀ kí í bi wọ́n léèrè kí a tó la ẹnu sọ "igbó mi".

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ẹran kọ́ ló ká wa lára jù. Nínú Suuratul-Maa'idah, àáyà 94, Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn onígbàgbọ́ mọ̀ pé ẹran ìgbẹ́ tí ọwọ́ wọn àti ọ̀kọ̀ wọn tó ni yóò jẹ́ ìdánwò fún wọn, kí ẹni tó ń bẹ̀rù Rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lè hàn. Àwọn onítumọ̀ so ó mọ́ ọdún Hudaibiyah, ọdún kẹfà Hijira. Àwọn sàhábà wà nínú ihraam, ọdẹ sì jẹ́ èèwọ̀ fún wọn, síbẹ̀ ẹran ń rìn wá bá wọn nítòsí àgọ́. Bákan náà ni ẹja àwọn ará etí òkun nínú Suuratul-A'raaf: ọjọ́ tí wọn kò gbọdọ̀ pẹja gan-an ni ó ń yọ sójú omi. Ẹ wo bí ìdánwò náà ṣe rí. Ẹran tó sún mọ́ ọwọ́ ni. Ilẹ̀ tiwa sì ni ibi tí ẹran sún mọ́ wa jù, tí ojú ènìyàn kò sì tó wa.

Kí ni à ń ṣe níbẹ̀, níbi tí ẹnì kan kò rí wa? Ẹ jẹ́ ká mú ti okùn. Ẹni tó dẹ okùn ní ọjọ́ Àláàdì tó sì wọ mọ́tò lọ sí Èkó, ìgbà wo ni yóò tún débẹ̀? Ẹtu tó bá kó sí i ní Àtìní yóò jà títí okùn yóò fi fún un lọ́rùn pa. Àáyà kẹta Suuratul-Maa'idah ka ẹran tí a fún lọ́rùn pa mọ́ haráámù, àfi èyí tí a bá bá láàyè tí a sì dúńbú. Ẹni tó bá wá gbé irú òkú ẹran bẹ́ẹ̀ sí etí títì tà fún Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti di méjì. A kò sọ pé okùn dídẹ kò tọ́. Kí ẹni tó dẹ ẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ lálẹ́ ni, kí ó bá ẹran láàyè, kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó dúńbú u. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó tú okùn rẹ̀ kí ó tó lọ.

Ní ti ìbọn, kò sí i ní ayé Ànábì. Ọ̀rọ̀ ọfà àti ajá ni Adiyy ọmọ Hatim bi í, ó sì ní kí a dárúkọ Ọlọ́hun nígbà tí a bá ń ta á tàbí tí a bá ń tú ajá sílẹ̀. Bí a bá sì bá ẹran náà nínú omi, kí a má jẹ ẹ́, nítorí pé a kò mọ̀ bóyá omi ló pa á. Àwọn onímọ̀ Maliki tó dé lẹ́yìn jiyàn lórí ọta ìbọn, àwọn kan nínú wọn ní ìlú Fas sì gbà á, nítorí pé ó ń gún ara wọlé. Ẹni tó bá ń fi ìjúbà Ògún àti ọfọ̀ ṣí ọdẹ rẹ̀, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹran. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni.

Eré ńkọ́? Risaala ti Ibn Abi Zayd Al-Qairawani, tó kú ní 996, sọ pé ọdẹ tí a fi ṣeré jẹ́ makruuhu, èyí tí kì í ṣe ti eré sì tọ́. Àgbẹ̀ tí ẹran ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ṣeré. Ẹni tó ń wá ọbẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣeré. Èyí tó yìnbọn kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí i, tí kò sì tọ ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ṣe léṣe lọ, òun ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Bí ó bá sì jẹ́ abo tí wàrà ṣì wà lọ́mú rẹ̀ ńkọ́? A kò rí ẹ̀rí tó sọ ẹran rẹ̀ di haráámù. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Abu Dawud, ẹyẹ kékeré kan ń fò kiri nítorí pé àwọn sàhábà kó ọmọ rẹ̀; Ànábì béèrè ẹni tó dà á láàmú, ó sì ní kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà. Inú aginjù ni ẹyẹ yẹn wà, kò sí lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin arábìnrin wa tó ń ra ẹran ìgbẹ́ lọ́jà Ayétòrò, a mọ̀ pé ẹ ó sọ pé Ààíṣà ròyìn àwọn tó ń gbé ẹran wá, tí a kò mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun sí i, Ànábì sì ní kí ẹ̀yin dárúkọ Rẹ̀ kí ẹ jẹ ẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹran tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí ojú okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò sì sí ojú ọ̀bẹ. Ẹran yíyan kì í sì í fi ọrùn hàn. Ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ó tó gé e: ìbọn ni àbí okùn, láàyè ni wọ́n bá a àbí òkú? Bí ó bá ń lọ́ra láti dáhùn, ẹja wà lọ́jà.