ÌKÒKÒ TÍ KÒ KÚN, TÍ KÒ SÌ GBẸ

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 17:8–24

 

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, mo máa ń jẹ́rìí ní ìpàdé ẹgbẹ́ pé Ọlọ́run ni olùpèsè mi. N kò purọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọdún 2015, owó oṣù wa bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Oṣù kan di méjì, méjì di mẹ́fà. Bàbá àwọn ọmọ mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, àbíkẹ́yìn mi sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo ta aṣọ òkè mi méjì. Mo jẹ ìyá tó ń ta gàrí ládùúgbò ní gbèsè, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ojú wa má baà pàdé. Ní òru ọjọ́ kan mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Ọlọ́run ni mo ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ owó oṣù ni mo gbójú lé.

Ẹ wá bá mi lọ sí Sarefati. Ìlú àwọn ará Sidoni ni, ilẹ̀ baba Jesebẹli. Ọ̀dá dá, ìyàn sì mú. Opó kan ń ṣa igi láti se oúnjẹ ìkẹyìn fún ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Èlíjà dé, ó ní kí ó kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré fún òun ná. Ó gbọ́, ó ṣe é, ìyẹ̀fun àti òróró rẹ̀ kò sì tán. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a kíyè sí.

Èkínní, kò sí ibi tí a ti kà á pé ìkòkò náà kún. A kò gbọ́ pé Ọlọ́run kọ́ àká fún un, tàbí pé ó di ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun fún ará ìlú. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò bẹ̀rẹ̀ wo inú ìkòkò, tí yóò rí ìdí rẹ̀, tí yóò sì bu ti òní. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò tún gba Ọlọ́run gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mánà rí nínú aginjù: èyí tí wọ́n fi pamọ́ di ọjọ́ kejì, ìdin ni ó wọ̀ ọ́. Bí àká bá kún, àká ni ènìyàn máa ń wò. Bí ìkòkò bá fẹ́ẹ̀ gbẹ, ojú á lọ sọ́dọ̀ Ẹni tó ń bù ú sí i.

Èkejì, ìyẹ̀fun náà kò dí ọ̀nà mọ́ ìpọ́njú mìíràn. Ọmọ opó yìí ṣàìsàn, ó sì kú. Ó fi ìbànújẹ́ sọ̀rọ̀ líle sí ènìyàn Ọlọ́run, Ọlọ́run kò sì bínú sí i. Èlíjà pàápàá ké pe Ọlọ́run pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn. Nígbà tí ọmọ náà jí ni obìnrin yìí tó sọ pé nísinsìnyí ni òun mọ̀ dájú. Ẹ gbọ́ o! Ó ti ń jẹ ìyẹ̀fun ìyanu láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ẹ̀yìn omijé ni ó tó mọ̀ dájú.

Àwa Mẹ́tọ́díìsì ní ìyá kan tó rìn ní ọ̀nà yìí: Susanna Wesley, ìyá John àti Charles. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó bí. Mẹ́wàá péré ni ó dàgbà. Ní ọdún 1705, wọ́n ti ọkọ rẹ̀, àlùfáà ìjọ Epworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Lincoln nítorí gbèsè. Susanna kó òrùka rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kí ó tà á. Ọkọ dá a padà. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti York bi í bóyá oúnjẹ ti wọ́n ọn rí, ó ní òun kò ṣaláìní oúnjẹ pátápátá rí, ṣùgbọ́n wàhálà àtirí i kí wọ́n tó jẹ ẹ́, àti àtisan owó rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, kì í jẹ́ kí ó dùn. Ní Oṣù Kejì ọdún 1709, iná jó ilé wọn. Ojú fèrèsé òkè ni wọ́n ti yọ John, ọmọ ọdún márùn-ún. Síbẹ̀, ní ìgbà òtútù ọdún 1711 sí 1712, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní London, ìyá yìí ń ka ìwàásù fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn aládùúgbò sì ń wá títí wọ́n fi tó nǹkan bí igba. Kò di ọlọ́rọ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1742. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní Oṣù Kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ìyìn rere tí àwọn ọmọ rẹ̀ wàásù sì dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ẹ̀yin ìyá mi, n kò sọ pé ìṣẹ́ dára. Ẹ má sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé ẹ̀bùn ni ebi. Kò sì burú kí òṣìṣẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èmi náà béèrè. Ohun tí mo ń sọ ni pé Ọlọ́run kì í fi wá sílẹ̀ nídìí ìkòkò.

Ìyá tó ń ta gàrí ni ó wá kan ilẹ̀kùn mi fúnra rẹ̀. Ó ní, “Ìyá olùkọ́, ẹ má sá fún mi mọ́. Ẹ rán ọmọ wá gba kóńgò kan. Bí ẹ bá rí owó, ẹ ó san.” Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Kóńgò kan ni, kì í ṣe àpò kan, ṣùgbọ́n a jẹun. Mo ti san gbèsè náà tán. Mo fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018, díẹ̀ nínú owó mi kò sì tíì dé títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń pe Ọlọ́run ní olùpèsè báyìí, mo mọ Ẹni tí mo ń pè.

Nítorí náà, ìwọ tí ìkòkò rẹ fẹ́ẹ̀ gbẹ, bu ti òní, kí o sì dúpẹ́. Ìwọ tí tìrẹ kún, wo ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá nínú ẹgbẹ́ wa. Lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Àdúrà: Olúwa, kọ́ wa láti gbẹ́kẹ̀ lé Ọ lójoojúmọ́, kí O sì fi ọwọ́ wa bu ìyẹ̀fun sí ìkòkò ẹlòmíràn. Ní orúkọ Jésù Kristi. Àmín.