Ẹja tí a kò ní jẹ

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín rọrùn láti béèrè, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi ìwọ̀ kọ́ ẹja lẹ́nu nítorí ìgbádùn nìkan, nígbà tí ó ti mọ̀ kí ó tó kúrò nílé pé òun kò ní jẹ ẹ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà létí ọ̀sà Àjàṣẹ́ tàbí létí odò Wẹ̀mẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá ru àwọ̀n lọ sódò, oúnjẹ àti owó ni ó ń wá lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń lọ kàwé ní Kánádà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí wọn yóò ti pàdé àwọn ènìyàn rere tí wọn kò mọ ìsinmi tí ó dùn ju kí a lọ pẹja nínú aginjù. Ó yẹ kí a ti mọ èrò ọkàn wa kí wọ́n tó pè wá.

Ẹ jẹ́ kí a mú ibì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní àríwá Kánádà, adágún omi kan wà tí à ń pè ní Grand lac de l'Ours ní èdè Faransé. Ó tóbi tó 31 000 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ. Omi dídì ni ó bò ó ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Àárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni àyè ń gba àlejò. Àwọn ilé àlejò wà létí rẹ̀ tí ọ̀nà mọ́tò kò dé, ọkọ̀ òfuurufú kékeré ni ó ń gbé ènìyàn débẹ̀. Nítorí náà, ìrìn àjò yìí kì í ṣe ohun tí à ń dìde lọ lójijì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ yóò ti máa tọ́jú owó láti ọjọ́ pípẹ́. Yóò gba àyè sílẹ̀, yóò gba ìwé àṣẹ ìpẹja, yóò ra aṣọ òtútù àti oògùn ẹ̀fọn, yóò sì jókòó yan okùn àti ìwọ̀ bí ẹni ń yan aṣọ ìyàwó.

Ẹja tí wọ́n ń torí rẹ̀ lọ ni touladi. Nínú omi tútù náà, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà, òmíràn sì ń lò ju 50 ọdún lọ láyé. Ẹja bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ àwa tí à ń kọ̀wé yìí lọ lọ́jọ́ orí. Bí a bá pa àwọn ńlá inú wọn, ọmọ ọmọ wa ni yóò rí irú wọn mìíràn. Ìdí nìyí tí àwọn àlejò fi ń lo ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún lẹ́nu, tí wọ́n ń ya àwòrán kíákíá, tí wọ́n sì ń dá ẹja ńlá padà sómi. Àwọn kékeré díẹ̀ ni wọ́n ń dín jẹ létí omi ní ọ̀sán.

Àwọn tí ń gbèjà àṣà yìí ní ọ̀rọ̀ tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ẹja náà kò kú. Wọ́n ní ẹni tí ó fẹ́ràn ẹja tó bẹ́ẹ̀ ni yóò bá wọn jà bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ba omi náà jẹ́. Wọ́n tún ní bí gbogbo àlejò bá ń jẹ gbogbo ohun tí ó bá mú, kò ní pẹ́ tí adágún náà yóò fi ṣófo. A kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Síbẹ̀, àìkú ẹja kò sọ pé ohunkóhun kò ṣe é. Ní ọdún 2003, onímọ̀ kan, Lynne Sneddon, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scotland fi oró oyin àti ásíìdì sí ètè ẹja truite. Àwọn ẹja náà pẹ́ kí wọ́n tó jẹun. Àwọn mìíràn ń fi ètè ha òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ omi. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn bóyá ìrora bí tiwa ni èyí. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò dúró de òpin iyàn náà kí wọ́n tó sọ tiwọn: ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe yìí kò ní kí a má pa ẹran jẹ. Àwọn ọdẹ ni baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú wa. “Kọ́kọ́” ni kókó inú rẹ̀. Kí a ro ìrora ẹlòmíràn ṣáájú, kí igi tó kúrò lọ́wọ́.

Òfin ilẹ̀ Switzerland ti ọdún 2008 sún mọ́ òwe náà ju bí a ti lè rò lọ. Ní Kánádà, ìwà àánú ni kí a dá ẹja padà. Ní Switzerland, òfin de ẹni tí ó bá dẹ ìwọ̀ pẹ̀lú èrò àtidá ẹja padà. Ó lè dà bí ẹni pé orílẹ̀-èdè méjèèjì ń ta ko ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òfin náà fi ojú sí. Kò sọ pé kí a pa gbogbo ẹja tí ìwọ̀ bá mú. Èrò tí apẹja gbé kúrò nílé ni ó ń wádìí. Àwa náà gbà pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Nígbà tí ìwọ̀ bá ti wà lẹ́nu ẹja, dídá a padà lè jẹ́ ohun tí ó dára jù lọ tí ó kù láti ṣe. Ohun tí a ní láti dáhùn fún ni bí a ti ṣe ètò kí ìwọ̀ tó dé ẹnu rẹ̀.

Kí a má tilẹ̀ rò pé èyí sọ wá di olódodo ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nígbà tí ọmọdé bá ń sọ alángbá lókò, àgbà a máa bi í pé, “Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ ni?” Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n a máa ń lò ó bí ẹni pé jíjẹ wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹni tí ó fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja nínú ọ̀sà Nokoué yóò jẹ wọ́n, òótọ́ ni. Ó ti jẹ oúnjẹ ọ̀la mọ́ tòní. Ebi lè bẹ̀bẹ̀ fún un, ìgbádùn kò sì ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí rere kan kò tó láti sọ gbogbo ọ̀nà di rere.

Àwọn tí ó ni adágún náà gan-an ní ohun tí wọ́n lè kọ́ wa. Délı̨nę ni ìlú kan ṣoṣo tí ó wà létí rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ìtàn apẹja àtijọ́ kan tí ẹja gbé ìwọ̀ rẹ̀ lọ. Ó para dà di ẹja, ó wọ ìsàlẹ̀ omi láti wá ìwọ̀ náà, níbẹ̀ ni ó sì ti rí ọkàn ńlá kan tí ń lù, tí oríṣiríṣi ẹja yí ká tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ní ọdún 2016, UNESCO ka adágún náà àti agbègbè rẹ̀ mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ tí ó ń pè ní réserve de biosphère, lórúkọ Tsá Tué. Láàárín àwọn Dene, tí àwọn ará Délı̨nę jẹ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ka fífi ẹja ṣeré sí àrífín: ẹja tí ó bá fi ara rẹ̀ fún ọ, gbà á, kí o sì jẹ ẹ́.

Báwo wá ni kí a ṣe ètò irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pè wá? A kò ní kọ̀ láti lọ. Ṣùgbọ́n láti ilé ni a ó ti ka iye ẹja tí ẹnu wa lè jẹ. Èyí tí ó bá ìkòkò mu ni a ó wá, a kò ní wá èyí tí ó bá àwòrán mu. Bí èyí tí ó ti dàgbà bá ṣèèṣì gbé ìwọ̀ wa, a ó fi ọwọ́ tútù tú u sílẹ̀ láìgbé e kúrò nínú omi. Bí ó bá ti tó jíjẹ, a ó ká okùn. Ọjọ́ tí ó kù, a ó wa ọkọ̀ ojú omi, a ó wo oòrùn ilẹ̀ náà tí í pẹ́ lójú ọ̀run, a ó sì gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn onílẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé owó ṣòfò nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé omi, ìdákẹ́jẹ́ àti ọ̀rẹ́ kò tó ohun tí a sanwó fún, a jẹ́ pé ìjàkadì ẹja lẹ́nu okùn ni ọjà tí a rà, kí a sì ní ìgboyà láti pè é bẹ́ẹ̀. A fi èyí lé ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti rò, yálà ẹ dé Kánádà tàbí ẹ kò dé ibẹ̀: nínú ìgbádùn tí ẹ ń ṣètò rẹ̀ lọ́wọ́, ta ni yóò jẹ̀rora rẹ̀? Ẹ má dúró di ìgbà tí ìwọ̀ bá kọ́ ẹja lẹ́nu kí ẹ tó dáhùn.