Ta Ló Jókòó Ti Ọmọ Náà?

Àwọn òbí kan wà ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, tí wọ́n ń wá ìwé àtijọ́ tó mọ́, tí tọmọdé tàgbà ilé lè jọ máa kà. Bí o bá bi wọ́n pé irú ìwé wo nìyẹn, ohun tí wọn kò fẹ́ ni wọn yóò kà fún ọ: kò gbọdọ̀ sí àjẹ́ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí iwin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá rí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á rà á, wọ́n á fà á lé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á sì kọjú sí fóònù wọn. N kò bá wọn jà nítorí pé wọ́n ń ṣà. Òbí tí kò bìkítà nípa ohun tó ń wọ etí ọmọ rẹ̀ ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Fífà á lé ọmọ lọ́wọ́ ká sì bá tiwa lọ, ìyẹn ni n kò rí ìwà ọmọlúàbí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé méjì tó jáde ní 1938. Ní Nàìjíríà, D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ní Paris, wọ́n tẹ Doguicimi, tí Paul Hazoumé fi èdè Faransé kọ. Ọmọ Àjàṣẹ́ gan-an ni Hazoumé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1890. Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì, onígbàgbọ́ sì ni wọ́n. Síbẹ̀, bí a bá fi òfin "kò gbọdọ̀ sí" yẹn wọn ìwé wọn, ẹnu ọ̀nà ni ìwé méjèèjì yóò ti padà.

Nínú ti Fágúnwà, a kò tíì rìn jìnnà tí a fi gbọ́ pé àjẹ́ ni ìyá Àkàrà-oògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, àti pé bàbá rẹ̀ ló pa á. Ìyẹn nìkan ti tó fún ìyá mìíràn láti pa ìwé náà dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òǹkọ̀wé ṣe to ìtàn rẹ̀. Àgbàlagbà kan ló wá bá ẹnìkan tó mọ̀wé, ó ní kó máa kọ ohun tí òun ń sọ. Kò pẹ́ tí èrò fi ń péjọ láti wá gbọ́. Nígbà tí àwọn ọdẹ sì dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ọlọ́gbọ́n, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. (Ìwàásù ibẹ̀ pọ̀ díẹ̀ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ẹnu Fágúnwà dùn débi pé a máa ń dárí jì í.) Ìtàn inú agbo ni, kò ṣe é dá kà ní kọ̀rọ̀. Bí ìyá àgbà bá wà nítòsí, ọmọ yóò béèrè pé, "Ìyá àgbà, ṣé ó dáa bí wọ́n ṣe pa ìyá rẹ̀ yẹn?" Ìyá àgbà kò sì ní lè sá, ó di dandan kó sọ ohun tó rò.

Àwọn tó lé Fágúnwà jáde nítorí àjẹ́ yìí kan náà ló ń ra ìtàn Charles Perrault fún ọmọ, torí pé àwòrán rẹ̀ dára, Faransé rẹ̀ sì wúlò nílé ìwé. Nínú ìtàn ọmọbìnrin onífìlà pupa tí Perrault tẹ̀ jáde ní 1697, ìkookò jẹ ìyá àgbà rẹ̀, ó jẹ ọmọbìnrin náà mọ́ ọn, ìtàn parí. Ọdẹ tó wá gbà wọ́n là kò sí níbẹ̀. Inú ìwé àwọn Grimm ti Jámánì ló ti wá, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Ilé yìí náà sì ń ka Jẹ́nẹ́sísì níbi àdúrà òwúrọ̀, níbi tí Kéènì ti pa Ébẹ́lì. Mùsùlùmí tó wà lójúlé kejì ń ka Súrà Yúsúfù, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti ju àbúrò sí kànga. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí pé ẹnìkan máa ń wà níbẹ̀ tó ń là á yé ọmọ.

Doguicimi ló nira jù. Àgbómẹ̀ ni ìtàn náà ti wáyé, láyé ọba Ghezo, ẹ̀jẹ̀ òǹdè sì ń ṣàn níbi ìrántí àwọn ọba tó ti wàjà. Ìyàwó ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Toffa ni Doguicimi (Toffa tó jọba ní Àjàṣẹ́ láti 1874 di 1908 kọ́ o). Ogun gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà kojú ọba, ó sọ ohun tí àwọn ìjòyè ń gbé mì, kò sì gbà fún ọkùnrin mìíràn. Nígbẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n sin òun láàyè pẹ̀lú agbárí ọkọ òun. Ṣé ọmọlúàbí nìyẹn? Òótọ́ tó sọ lójú ọba, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Sàréè yẹn ni n kò lè gbà, bí ọmọbìnrin mi bá sì ní ó wu òun, a ó jọ fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ibì kan tún wà tí Hazoumé ti jẹ́ kí Doguicimi máa yin àwọn Faransé. Kí bàbá tó ń kà á má ṣe rọra gba ibẹ̀ kọjá. Kó sọ fún ọmọ pé abẹ́ ìjọba Faransé ni òǹkọ̀wé wà nígbà tó ń kọ ọ́. N kò ní gbé ìwé yìí fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìṣòro Àjàṣẹ́ tún yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn. Bàbá tó ka ìwé Faransé yóò ka Hazoumé geere, yóò sì máa táràrà lórí Fágúnwà. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo òwe inú Fágúnwà, ṣùgbọ́n kò mọ a yàtọ̀ sí b. Ọmọ ń sọ Ègùn, Yorùbá àti Faransé láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti 1975 ni Bẹ̀nẹ̀, orílẹ̀-èdè tí Àjàṣẹ́ wà, ti ní ìlànà ìkọ̀wé tirẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ náà, tó ń lo ɛ, ɔ àti sh. Nítorí náà ẹ, ọ àti ṣ inú ìwé tó ti Èkó wá yóò kọ́kọ́ ṣe ọmọ bákan. Kò burú: ọmọ ni yóò máa ka lẹ́tà, ìyá àgbà yóò máa tún ohùn rẹ̀ ṣe, bàbá yóò sì máa béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bàbá ti ń fà sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ Yorùbá, wọn kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́ pé àwọn ń ṣi ọ̀rọ̀ pè. Ìtẹríba tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ní gbogbo ọjọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ ń wúwo fún wọn.

Ní ti ojú ìwé tó bani lẹ́rù, mo mọ̀ pé ọmọ ọdún méje kì í ṣe àgbà. Fo ibẹ̀, ṣùgbọ́n má díbọ́n bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Sọ fún un pé o fo nǹkan kan, kí o sì sọ ìgbà tí ẹ ó padà sí i.