Èkó Nínú Ogun Kírìjì: Ìbọn àti Àlàáfíà Lórí Ọ̀sà Lẹ́kí

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ìbàdàn wà ní apá kan. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn, tí wọ́n para pọ̀ di Èkìtìpárapọ̀, wà ní apá kejì. Ojú ìjà náà jìnnà sí etíkun. Àgọ́ Ìbàdàn wà ní Ìgbájọ, ti Èkìtìpárapọ̀ wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìró ìbọn tó ń dún láàárín àwọn òkè ibẹ̀ ló sì fún ogun náà lórúkọ. Síbẹ̀, ìlú kan tí kò pàgọ́ síbẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú tó pàgọ́ lọ. Èkó ni ìlú náà. Ibẹ̀ ni ìbọn ti ń lọ, ibẹ̀ ni owó ti ń lọ, ibẹ̀ náà ni àwọn tó wá parí ìjà ti gbàṣẹ. Púpọ̀ nínú ìbọn àti owó náà gba orí ọ̀sà kọjá níwájú Ajah, Badore àti Langbasa, ó gba Ẹ̀pẹ́ kọjá, ó sì wọ ọ̀sà Lẹ́kí kó tó kọjú sókè.

Ìwà ni Yorùbá fi ń mọ ọmọlúàbí: kí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni bára mu, kí ènìyàn má fi ẹkún ẹlòmíràn jẹun, kó dúró ti ẹbí rẹ̀ ní gbangba, kó sì jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Òṣùwọ̀n yìí kò mọ lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ìlú náà ní ìwà, nítorí ohun tí ìlú bá gbà láàyè lọ́jà àti lébùúté rẹ̀, ìwà rẹ̀ ni. Ó tọ́ nígbà náà láti gbé ìṣe Èkó nínú ogun yìí lé òṣùwọ̀n, láì pa ti ìjọba pọ̀ mọ́ ti oníṣòwò, tàbí ti àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé ibẹ̀ mọ́ ti àwọn àlùfáà tó ń wá àlàáfíà.

Ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, tó ti Èkó gba Ajah lọ sí ìlú Lẹ́kí, ti mọ ọ̀rọ̀ ogun kí Kírìjì tó dé. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá omi lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń ṣòwò ní etíkun Palma àti Lẹ́kí, ibẹ̀ náà ló sì ti bá Kọ́ńsù Benjamin Campbell ṣe àdéhùn ní 1854 pé òun kò ní da Èkó láàmú mọ́. Ọba Dòsùmú fi Èkó sílẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1861. Ní 1863, Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé Palma àti Lẹ́kí di ara Èkó. Báyìí ni gbogbo etí omi ìhà òkun, láti Èkó títí dé Lẹ́kí, ṣe bọ́ sábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo.

John Hawley Glover, tó ṣàkóso Èkó títí di 1872, ló rí ohun tí omi yìí lè ṣe. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà ilẹ̀ tó lọ sí òkè mú; ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń tì í pa, epo àti ẹ̀kùrọ́ á sì dáwọ́ dúró. Glover wá ọ̀nà mìíràn: kí ọkọ̀ ti Èkó gba ọ̀sà dé Àtìjẹ̀rẹ́ ní ìlà-oòrùn ọ̀sà Lẹ́kí, kí ẹrù gba igbó dé Òde Oǹdó, kó ti ibẹ̀ wọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ogun abẹ́lé ti tú Òde Oǹdó ká fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1872, aṣojú tí Glover rán lọ bá wọn tún un tẹ̀dó. Nítorí òwò ni wọ́n ṣe la ọ̀nà náà. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó fa ogun náà kò fara sin. Ìbàdàn ti jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ó fi Ajẹ́lẹ̀ sí wọn lórí, àwọn Ajẹ́lẹ̀ náà sì ń gba ohun tó wù wọ́n lọ́wọ́ onílé. Alágbára tó ń jẹ oúnjẹ lẹ́nu aláìlágbára kò lè bèèrè ìtẹríba lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kéde ogun sí Ẹ̀gbá lórí ọ̀rọ̀ ìbọn tó ń bọ̀ láti Porto Novo. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà, iyọ̀ àti ẹ̀tù di ọ̀wọ́n ní Ìbàdàn. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn níbẹ̀, ọ̀tẹ̀ sì ràn. Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkirun lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, nínú ìjà tí wọ́n ń pè ní Jálumi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògèdèǹgbé ti Iléṣà gba ìdarí ogun Èkìtìpárapọ̀, ìjà náà di ìdúró-kojú tí ẹnikẹ́ni kò lè borí nínú rẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ní Èkó ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró tàbí Àgùdà, tàbí ọmọ wọn. Ogun ló kó wọn lérú. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn kan sílẹ̀ lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Àwọn mìíràn ra ara wọn padà ní Brazil. Láti ọdún 1840 síwájú ni wọ́n ti ń padà wá sí Èkó. Wọ́n kàwé, wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n di oníṣòwò, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ilé. Àwọn ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Èkìtìpárapọ̀ ti Èkó sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dáwó, ó gba àwọn olórí ogun nímọ̀ràn, ó bá ìjọba sọ̀rọ̀, ó sì rán ìbọn gba ọ̀nà Lẹ́kí àti Oǹdó lọ sí àgọ́.

Ìbọn náà ló yí ogun padà. Ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn, ẹnu rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta. Ti Snider tó ti Èkó wá, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ọta tó ti ní ẹ̀tù tirẹ̀ nínú. Kí ẹni tó gbé ṣakabùlà tó ki tirẹ̀ tán, ẹni tó gbé Snider ti yin tirẹ̀ léraléra, ó sì ń bani láti ibi tí ọta ṣakabùlà kò lè dé. Ìbàdàn tó ti ń fi ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ́gun látẹ̀yìnwá kò lè rọ́ lu àgọ́ Ìmẹ̀sí-Ilé mọ́.

Bí a bá gbé ẹgbẹ́ yìí lé òṣùwọ̀n, ó wúwo ní ibi púpọ̀. Wọ́n sọ ẹni tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbangba. Owó ara wọn ni wọ́n ná. Ẹni tó ti dé ibi ààbò, tó sì rántí àwọn tó kù sínú ìnira, ti ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe. Síbẹ̀ ohun kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ bò. Ẹrú ni ìgbèkùn ogun ń dà ní apá méjèèjì, gbogbo oṣù tí ìjà náà sì fi gùn sí i ló ń mú kí iye wọn pọ̀ sí i. Àwọn tí ẹ̀wọ̀n ẹrú ti kọ lára mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìbọn wọn dáàbò bo ilé. Ó tún wà nínú ohun tí kò jẹ́ kí ogun náà tán. Apá kejì ẹjọ́ yìí ni pé láìsí ìbọn náà, Ìbàdàn ì bá ti fọ́ àwọn ìlú wọn, Ajẹ́lẹ̀ ì bá sì ti padà. Ẹ̀rí tó gbè wọ́n ju èyí tó takò wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kò wẹ̀ wọ́n mọ́ pátápátá.

Ti àwọn oníṣòwò tí kò ní ẹbí lójú ogun kò ṣòro dá lẹ́jọ́ tó bẹ́ẹ̀. Dúdú àti funfun wọn, ẹni tó bá lówó ni wọ́n ń tà fún. Ẹ̀tù tó ti Èkó jáde ń dé ọwọ́ Ìjẹ̀bú lọ́jà etí omi. Nígbà tí Ìjẹ̀bú sì ṣí ọ̀nà díẹ̀ fún Ìbàdàn, ó ń ti ibẹ̀ dé àgọ́ Ìgbájọ. Ìlú kan náà ló ń di ìbọn fún ẹni méjì tó ń para wọn. Lẹ́sẹ̀ kan náà, àwọn oníṣòwò yìí ń ké sí ìjọba pé ogun ti ba ọjà epo jẹ́. Ẹnu wọn ń bèèrè àlàáfíà, ọwọ́ wọn ń ta ẹ̀tù. Ibí yìí ni Èkó ti kùnà jù lọ.

Ìjọba náà kò sàn ju wọ́n lọ fún ìgbà pípẹ́. Láti 1874 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1886, abẹ́ Accra ni Èkó wà, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé àwọn kò ní dá sí ìjà òkè. Ṣùgbọ́n owó ẹrù tó ń wọlé ní ibodè ni ìjọba Èkó fi ń gbọ́ bùkátà, ibodè yẹn náà sì ni ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà wọlé. Àgbà tó wà lọ́jà tó jẹ́ kí orí ọmọ tuntun wọ́ ni Yorùbá ń bá wí. Ẹ̀bi àgbà tó tún ń gba owó ọjà lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ Fídípọ̀tẹ̀ kò fẹ́ kí ọ̀nà ṣí fún Ìbàdàn rárá. Ebi àti òwò tó dúró sú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n kọ̀yìn sí i, ó sì di èrò Ẹ̀pẹ́, ní etí omi kan náà tí Kòsọ́kọ́ ti sá wá ṣáájú rẹ̀.

Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ti Ọ̀yọ́ kọ̀wé sí ìjọba Èkó pé kí wọ́n wá bá òun parí ogun yìí. Samuel Johnson, òṣìṣẹ́ ìjọ, ló gbé ìwé náà gba àárín ewu kọjá. Nǹkan bí ọdún márùn-ún kọjá kí ìrànlọ́wọ́ tó ní láárí tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlùfáà J. B. Wood ti lọ sí àgọ́ láti làjà kí ó tó dìgbà náà. Nígbà tí wọ́n ya Èkó kúrò lára Accra ní 1886, Gómìnà Alfred Moloney rán Johnson àti Charles Phillips lọ. Òde Oǹdó ni Phillips ti ń ṣiṣẹ́ ìyìn rere, lórí ọ̀nà tí ìbọn ń gbà lọ gan-an. Ó mọ àwọn tó ń kó o, ó mọ àwọn tó ń dúró dè é.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn méjì yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ti Ìbàdàn, wọ́n gbọ́ ti Èkìtìpárapọ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ kálukú lọ bó ṣe sọ ọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, sì fi hàn pé Ọ̀yọ́ ni ọkàn rẹ̀ wà. Síbẹ̀, àdéhùn tó bá wọn gbé kiri fún ìfọwọ́sí ní 1886 dá Èkìtìpárapọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn pátápátá. Ẹni tó lè fi ìfẹ́ ilé rẹ̀ sí apá kan nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ti súnmọ́ ọmọlúàbí ju ẹnikẹ́ni tí Èkó rán jáde ní gbogbo ogun náà lọ.

Àdéhùn náà sọ pé Ọ̀tàn, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ á wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ó ní kí àwọn ará Modákẹ́kẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀. Ó sọ pé Aláàfin ni ẹ̀gbọ́n, Ọwá ti Iléṣà ni àbúrò, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èdè ẹbí ni wọ́n fi pa ìjà ẹbí. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án, níṣojú àwọn aṣojú Èkó, Henry Higgins àti Oliver Smith, Ìbàdàn àti Èkìtìpárapọ̀ tú àgọ́ wọn.

Ìdí tí ìjọba fi yára ní 1886 yẹ ní sísọ. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti pàdé ní Berlin ní 1884 sí 1885 lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1885, ilé iṣẹ́ Gaiser ti Jámánì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba Màhín, ní etíkun tó wà ní ìlà-oòrùn Lẹ́kí. Ọ̀nà Glover ò ní pẹ́ bọ́ mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, bí Jámánì bá dúró. Àlàáfíà dára fún àwọn tó ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó tún dára fún ẹni tó fẹ́ ilẹ̀. Èyí kò sọ iṣẹ́ Johnson àti Phillips di asán, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó rán wọn.

Ohun tó tẹ̀lé e fi èyí hàn. Modákẹ́kẹ́ kò kúrò, ẹnikẹ́ni kò sì mú àdéhùn náà ṣẹ fún Ifẹ̀. Ìlọrin àti Ìbàdàn, tí àdéhùn náà kò parí ìjà tiwọn, ṣì ń jà lọ ní ìhà Ọ̀fà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ọmọ ogun ti Èkó gba ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n gòkè níbẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Omi tó gbé ìbọn ẹgbẹ́ Èkìtìpárapọ̀ ti wá ń gbé ọmọ ogun ìjọba. Gómìnà Gilbert Carter tú àgọ́ Ìlọrin àti Ìbàdàn ká ní 1893, Ìbàdàn sì fọwọ́ sí àdéhùn tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Ní 1894, Kápúténì Bower, tí ìjọba Èkó fi sí Ìbàdàn, mú Ògèdèǹgbé ní Iléṣà, ó sì gbé e lọ sí Ìwó. Ìjọba tó ti fọwọ́ sí i pé Èkìtìpárapọ̀ ò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́ ló mú ẹni tó kó ogun wọn jà. Wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà tó yá, ó padà sí Iléṣà, ó jẹ oyè Ọbańlá ní 1898, ó sì kú ní 1910.