Èjìká Ta Ni Ìtọ́jú Ológbò Ìgboro Já Lé?

Ológbò ìgboro ni ológbò tó ń gbé láàárín ènìyàn láìjẹ́ pé ẹnì kan lè nawọ́ sí i pé tòun ni. Irú wọn kò wọ́n ní Ìlàjẹ, àdúgbò àwọn apẹja létí ọ̀sà ní Bárígà nílùú Èkó, níbi tí Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, ti nà kọjá lójú omi. Àwọn Ìlàjẹ tó ti etíkun ìpínlẹ̀ Oǹdó wá tẹ̀dó síbẹ̀ mú iṣẹ́ ẹja wá: ọkùnrin ń da àwọ̀n, obìnrin ń yan ẹja. Ibi tí ẹja bá wà, eku kì í jìnnà síbẹ̀. Eku a máa jẹ ẹja yíyan, a sì máa gé àwọ̀n. Bí ológbò ṣe rí àyè nìyẹn. Bí ó bá ṣàìsàn, tàbí tí ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ìgbà yẹn ni ìbéèrè ń dé: ṣé ẹnì kan jẹ ẹ́ ní gbèsè ìtọ́jú, àbí àánú lásán ni ẹni tó bá gbé e nílẹ̀ ń ṣe?

Ìdáhùn tó sábà ń kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ni pé màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a léṣinṣin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ọlọ́run ni òwe yìí sọ. Kò sọ pé kí ẹni tó mú ìrùkẹ̀rẹ̀ dání káwọ́ gbera. Òwe mìíràn sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù ú lọ: ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ènìyàn ni a sábà ń fi bá wí, bẹ́ẹ̀ ẹranko ni a fi pa á. Kò bèèrè ẹni tó ni ẹyẹ, kò sì bèèrè bóyá ẹyẹ ní làákàyè. Ìrora nìkan ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Ní 1789, Jeremy Bentham, onímọ̀ òfin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ibi kan náà: ó ní bóyá ẹranko lè ronú tàbí kó sọ̀rọ̀ kọ́ ló yẹ ká wádìí, bóyá ó lè jẹ̀yà ni. Immanuel Kant, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ará Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn. Lójú tirẹ̀, ojúṣe ènìyàn sí ẹranko kò ju ojúṣe sí ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá ń ṣe ẹranko níkà, orí ènìyàn ni yóò gbé e dé. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn ọmọdé ṣe ń sọ òkò lu ológbò kò ní pe Kant ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ẹyẹ inú òwe náà, ìrora tara rẹ̀ ló ń jẹ.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù sọ̀rọ̀ ológbò ju ẹ̀sìn Kristi lọ. Nínú hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a gbà lẹ́nu Ànábì Muhammad, tí Bukhari àti Muslim fi sínú àkójọ wọn, obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó sé mọ́lé títí tó fi kú: kò bọ́ ọ, kò sì tú u sílẹ̀ kó lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Nínú òmíràn, ọkùnrin kan rí ajá tí òùngbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, ó fi bàtà bu omi fún un, Ọlọ́run sì dárí jì í. Bí a bá gbé méjèèjì síra, ó dà bíi pé ẹni tó sé ẹran mọ́lé ló lè jẹ̀bi, nígbà tí ẹ̀san nìkan ló kan àlejò tó ṣàánú. Níbo wá ni ológbò Ìlàjẹ wà? Kò sẹ́ni tó sé e mọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ajá aginjù. Àdúgbò ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lójoojúmọ́, bó ti rí láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ológbò ìgbẹ́ tẹ̀lé eku wá sídìí àká ọkà ní Ìlà-Oòrùn Àárín Gbùngbùn, tí àwọn àgbẹ̀ sì gbà á láyè.

Ohun tó bá irú ìbágbé yìí mu jù ni èyí tí òfin Ìsìláàmù ń pè ní farḍ kifāya: ọ̀ranyàn tó wà lọ́rùn gbogbo ìlú, tó jẹ́ pé bí àwọn kan bá ti ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn ìyókù, bíi kíkírun sí òkú lára. Àfiwé ni èyí o, kì í ṣe fátúwà. Ṣùgbọ́n ó yí ojú tí a fi ń wo ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìtọ́jú ológbò padà: gbèsè gbogbo àdúgbò ló ń bá wọn san.

Bíbélì tí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń kà kò dárúkọ ológbò níbì kankan. Síbẹ̀, Òwe 12:10 fi bí ènìyàn ṣe ń ro ti ẹran rẹ̀ mọ olódodo, ìwé Jónà sì parí síbi tí Ọlọ́run ti ń ka ẹran ọ̀sìn Nínéfè mọ́ ohun tó tìtorí rẹ̀ ṣàánú ìlú náà. CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, tó sì wà ní Bárígà lónìí, ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí William Wilberforce wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1799. Wilberforce yìí kan náà, tó bá òwò ẹrú jà, wà pẹ̀lú àlùfáà Arthur Broome nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹranko sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1824, èyí tó di RSPCA. Nínú ogún méjèèjì, ti ilé ẹ̀kọ́ ni Èkó rántí jù.

Ohun tó ń dínà ìtọ́jú yìí jù nílẹ̀ Yorùbá ni ìbẹ̀rù àjẹ́. Ológbò dúdú tó bá ké lóru, tí ojú rẹ̀ sì ń tàn, òkò àti igi ló máa ń bá pàdé. Akọ àti abo tó ń wá ara wọn ló ń ké bẹ́ẹ̀. Awọ tín-ínrín kan nínú ojú ológbò, lápá ẹ̀yìn, ló sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kó lè ríran lókùnkùn. Yorùbá nìkan kọ́ ló ní ìfura yìí: ní 1233, Póòpù Gregory Kẹsàn-án kọ̀wé tó fi ológbò dúdú sínú ìsìn àwọn tí wọ́n ní wọ́n ń sin Sàtánì. Ẹni tó tilẹ̀ gbà pé àjẹ́ ń para dà kò lè tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé ẹ̀bi ka ẹran lórí. Bí olè bá wọ aṣọ aládùúgbò jalè, a kì í de aṣọ.

Apá 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ṣe ẹranko níkà lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san àádọ́ta náírà, owó tí kò lè ra búrẹ́dì mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ bíi St. Mark's Animal Rescue Foundation ní Èkó ló ń gba ajá àti ológbò tí wọ́n pa tì. Àtakò tó lágbára jù sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé níbi tí ọmọ ènìyàn kò ti rí omi tó mọ́ mu, owó ológbò, ẹnu ọmọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àmọ́ àrùn kì í ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran. Dìgbòlugi, tí àjọ WHO ṣírò pé ó ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún, ajá ló ń kó o ranni jù, ológbò náà sì lè ní in; bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń fún ológbò láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ààbò ọmọ àdúgbò náà ni. Ẹni tí ológbò bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Inú rere láìsí ìmọ̀ náà a máa pa ẹran. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti tú parasitámọ́ọ̀lù palẹ̀. Kóró kan lè pa á. Àlùbọ́sà àti aáyù inú ọbẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Òògùn eégbọn ajá tó bá ní permethrin nínú, májèlé ni fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni eku tó ti jẹ òògùn eku. Bí ìtọ́jú bá jẹ́ gbèsè lóòótọ́, mímọ nǹkan wọ̀nyí wà nínú gbèsè náà.

Ti títẹ̀ lọ́dàá ló máa ń fa àríyànjiyàn jù. Abo ológbò lè lóyún kó tó pé oṣù mẹ́fà, oyún rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí oṣù méjì lọ. Nítorí náà, kárí ayé, àwọn ẹgbẹ́ a máa mú ológbò ìgboro, dókítà ẹranko a tẹ akọ lọ́dàá, a yọ ilé ọmọ abo, a gé ṣóńṣó etí kan kó lè ṣeé dá mọ̀, wọ́n a sì dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí kan rí i bíi yíyí ẹ̀dá Ọlọ́run padà. Àwọn mìíràn gbà á bí àǹfààní bá wà níbẹ̀. Láàárín Yorùbá, tí ọmọ ti jẹ́ olórí ire, kò dùn létí pé a gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ ẹ̀dá kan. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í kọ òbúkọ ọ̀dá lọ́jọ́ ọdún. Bó bá tọ́ láti tẹ òbúkọ lọ́dàá kí ẹran rẹ̀ lè dùn, ó ṣòro láti sọ pé kò tọ́ fún ológbò tí ọmọ rẹ̀ ì bá kú sínú gọ́tà.

Ó ku ẹran tí kò lè yè mọ́, tí dókítà lè fún ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa á láìjoró. Hádíìsì kan nínú àkójọ Muslim pàṣẹ pé bí a bá máa pa ẹran, ká pa á dáadáa, kí ọ̀bẹ mú, kí ẹran má jìyà. Ẹni tó ni ẹran ló máa ń fọwọ́ sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ológbò ìgboro kò sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí olùyọ̀ǹda kan dá a ṣe. Ọwọ́ dókítà tí Veterinary Council of Nigeria forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó yẹ kó wà, kó fi ìrora ẹran náà àti bóyá ó lè yè wọ̀n ọ́n. Àyè tó kún àti owó tó tán kò sí lára òṣùwọ̀n náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Èkó, àwọn méjèèjì ló máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn.