Òkun Inú Dígí

Ǹjẹ́ ènìyàn lè jẹ ẹja ní gbèsè? Ìbéèrè yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín ní Kútọnú, níbi tí a ti ń ra ẹja lójoojúmọ́ fún ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja inú ìkòkò ni mo ń wí. Ẹja òkun àti iyùn ààyè tí àwọn kan ń sìn sínú àpótí dígí ní yàrá àlejò ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Iyùn tí a mọ̀ ni èyí tí ọba ń fi sọ́rùn. Ọ̀pọ̀ wa kì í rántí pé egungun ẹ̀dá abẹ̀mí ni, àti pé láti Òkun Mẹditaréníà ni àwọn oníṣòwò ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá. Ìbátan rẹ̀ tí ń kọ́ òkè sábẹ́ òkun ilẹ̀ olóoru ni àwọn olùsìn fẹ́ràn. Ewéko tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú ara rẹ̀. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń bọ́ ẹni tí ó gbà wọ́n sílé. Bí omi bá gbóná jù, àjùmọ̀gbé náà á tú, iyùn á funfun, ebi sì lè pa á kú.

Ẹ wo adágún Nokoué wa. Láti ọdún 1885 tí àwọn Faransé ti gbẹ́ ọ̀nà omi láti ibẹ̀ dé òkun, omi rẹ̀ ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí odò Ouémé bá kún, iyọ̀ náà á tún dínkù. Ẹja epìyà ibẹ̀ ń fara da méjèèjì. Iyùn kò ní irú àmúmọ́ra bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ bíi gíráàmù 35 ní ń bẹ nínú lítà omi òkun kan, bẹ́ẹ̀ ni iyùn sì ń fẹ́ ẹ lónìí àti lọ́la. Nígbà tí ooru bá fa omi inú àpótí, omi nìkan ní ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà omi tí kò níyọ̀ ni a fi ń dí àlàfo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ìfẹ́ bu omi iyọ̀ sí i lójoojúmọ́, ìfẹ́ náà ni yóò fi pa á. Èrò rere nìkan kò tó. Ìmọ̀ pàápàá jẹ́ apá kan ojúṣe.

Àwọn kan á ní: ẹja inú dígí yó, ẹja ńlá kò sì lè gbé e mì, kí ni ó tún ń fẹ́? Èsì mi ni pé ẹja inú òkun lè sá kúrò níbi tí kò bá rọgbọ. Eléyìí kò ríbi sá sí. Bí iná mànàmáná bá lọ ní òru kan, ẹ̀rọ tí ń da omi rú á dákẹ́, èémí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn. Ibi tí a ti gba ọ̀nà àsálà lọ́wọ́ ẹ̀dá ni gbèsè wa ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe irú gbèsè tí a ń san lẹ́ẹ̀kan.

Ó tilẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹja tó dé ilé. Ní Philippines àti Indonesia, àwọn apẹja kan ti lo sáyánáìdì kí òyì lè kọ́ ẹja, kí wọ́n sì tètè mú un; májèlé náà ń pa iyùn tí ó wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun tí fíìmù Nemo ọdún 2003 sọ di gbajúmọ̀ ṣeé mú bímọ sínú àpótí, wọ́n sì ti ń ṣe é tipẹ́. Bí a bá bi mí, irú ẹja bẹ́ẹ̀ ni n ó ní kí a rà, kí iye rẹ̀ má sì ju èyí tí a lè tọ́jú ní oṣù tí owó kò sí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, etíkun Fidjrossè kò jìnnà; ọ̀fẹ́ ni a ń wo òkun níbẹ̀.