Ta Ló Dá A?

Ǹjẹ́ olè ni ẹni tó bá jó ijó ẹlòmíràn? Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ ijó hip-hop ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ gbé ka iwájú wa ní Kútọnu nìyí. Láàárín àwọn tó ń jó o láti Bronx ní New York, níbi tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1973, ìtìjú ni kí ènìyàn wọ agbo kí ó sì jó àrà tí ẹlòmíràn dá.

Bẹ́ẹ̀, àwòkọ́ṣe ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa. Olùkọ́ gbé ẹsẹ̀, a gbé ẹsẹ̀. Ó yí, a yí. Òógùn bò wá. Ọmọ tí àwa ń kọ́ ní ilé ìwé ló ń sọ fún wa pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ èjìká yín,” a sì ń gbọ́ràn (ó dára bẹ́ẹ̀).

Lójú tiwa, gbèsè ni àwòkọ́ṣe, kì í ṣe olè, bí a bá ń dárúkọ ẹni tó kọ́ wa. Ọmọ oníjó bàtá wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ títí kó tó dá àrà tirẹ̀. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ wá lóminú: àrà tí ọmọ kan dá ní etí òkun Fidjrossè lè di ti ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Nítorí náà, kí a tó kọ́ ẹsẹ̀ tuntun, a ń béèrè ẹni tó dá a. Nígbà mìíràn, kò sí ẹni tó lè dáhùn, a sì ń jó o síbẹ̀.